Ọdún tí Odó Ilé Wa Dákẹ́

Ẹni tó bá ń bọ̀ wá sílé wa ní àdúgbò Natako nígbà tí mo wà lọ́mọdé á ti gbọ́ ilé náà kí ó tó rí i. Bí oòrùn bá ti rọ̀ sẹ́yìn Òkè Pàtí, tí ooru Lọ́kọ́jà tí kì í mọ àgbà yàtọ̀ sí èwe bá dẹwọ́ díẹ̀, ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á dúró ti odó lẹ́yìnkùlé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán. Bí ọmọ odó ti ẹnì kan ṣe ń lọ sókè ni ti ẹnì kejì ń bọ̀ nílẹ̀. Gbì, gbì, gbì. Ilẹ̀ á máa mì títí dé ìyẹ̀wù, àwọn abọ́ tánganran ìyá mi á máa gbọ̀n lórí pẹpẹ, àwọn adìẹ á kó ara wọn lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn aládùúgbò wa tí kò ní aago ń fi odó wa mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dáná. Ọmọ Ìjùmú ni wá, lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Okun nítorí bí a ṣe ń kíra wa, ẹni tó bá sì mọ̀ wá mọ̀ pé a lè jẹ ẹ̀wà, a lè mu ẹ̀kọ, a lè jẹ túwó àwọn Hausa, ṣùgbọ́n bí a kò bá tí ì jẹ iyán lójúmọ́, ẹnu wa lásán la fi ṣeré. Mo ti dàgbà báyìí, eyín tó kù lẹ́nu mi kò ju èyí tí mo lè fi rẹ́rìn-ín lọ, síbẹ̀ bí mo bá dijú, ohùn odó yẹn ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́ nínú gbogbo ohùn ilé wa. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè gbàgbé ọdún tó dákẹ́.

Ìyá bàbá mi ló ni odó náà. Ìyé ni gbogbo wa ń pè é, bí àwọn ará ilé wa ṣe ń pe ìyá. Nígbà tí bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, lọ mú un wá láti Ìjùmú kí ó lè máa gbé lọ́dọ̀ wa, kò kó ẹrù púpọ̀ dání, àfi odó yìí tí wọ́n fi igi apá gbẹ́, tó ga dé àyà mi. Dírẹ́bà lọ́rì ní kí ó fi í sílẹ̀, pé wọ́n ń ta odó ní Lọ́kọ́jà. Ìyé ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí ó sọ òun náà kalẹ̀, bóyá wọ́n ń ta ìyá ní Lọ́kọ́jà. Bí odó ṣe gun orí lọ́rì nìyẹn. Obìnrin kúkúrú ni Ìyé, ojú rẹ̀ le, ẹ̀rín rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ó bá ń di irun fún ọmọ. Láàárọ̀, bàbá mi á lu agogo kékeré, gbogbo wa á jókòó sórí ẹní ní pálọ̀. Bàbá mi ló ń ka Bíbélì, torí òun náà ló ń kà á fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n Ìyé ló ń gbàdúrà, ibẹ̀ sì ni oorun ti máa ń gbé mi lọ. Àdúrà Ìyé kò mọ kúkúrú. Kì í sọ pé kí Ọlọ́run bùkún gbogbo ènìyàn. Á dárúkọ wọn ni. Á dárúkọ ọmọ, á dárúkọ àna, á dárúkọ ọkùnrin Nupe tó fi ọkọ̀ tù ú kọjá odò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ewúrẹ́ tó ń ṣàìsàn pàápàá kò ní gbẹ́yìn. Ó ní ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọjà tó ní òun kí gbogbo yín o, ta ló fẹ́ dá a lóhùn?

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni wọ́n fẹ́ wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́runtóyìn lorúkọ rẹ̀, Sísí Tọ́yìn ni èmi ń pè é. Òun àti tíṣà kan tó ń jẹ́ Tìmótì, ọmọ Òwòrò láti abúlé kan lẹ́yìn òkè, ni wọ́n rí ara wọn nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Bàbá Tìmótì jẹ́ àgbẹ̀ àti alàgbà ìjọ ní abúlé wọn, ó sì ti sọ ọ́ pé ọmọ Òwòrò lòun fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́, pé ọmọ akọ̀wé kò ní lè bá àwọn gbé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí kí ó tó gbà pé òun á wá fi ojú òun rí ilé wa. Ìròyìn rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní nílé àna kan nígbà kan rí, ìrẹsì ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀ dípò iyán. Ó dìde, ó kí wọn dáadáa, ó dé fìlà rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì parí síbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn àti lọ́dọ̀ tiwa, àna tí kò bá rí iyán jẹ lọ́jọ́ ìtọrọ ti gbọ́ èsì rẹ̀ ná. Nítorí náà ìyá mi ti yan iṣu tó dára jù sọ́tọ̀ lábẹ́ ibùsùn, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Sísí Tọ́yìn ń kọrin káàkiri ilé, kódà nígbà tó bá ń bọ̀ láti odò pẹ̀lú omi lórí. Èmi ń ro ẹran tó máa kàn mí.

Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra rédíò oníbátìrì nígbà náà. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pè é, nítorí ó ń sọ̀rọ̀, kì í dúró gba èsì. Ìyé kò gba ti ìyẹn. Bí bàbá mi bá ti túmọ̀ fún un pé ọkùnrin inú rédíò kí wa kú alẹ́, á dá a lóhùn pé, "Okun o," á sì máa bínú pé kò béèrè àlàáfíà ilé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí odò ti fà sẹ́yìn tí iyanrìn àárín rẹ̀ ti yọ síta, iṣu ń hó lórí iná, Sísí Tọ́yìn sì ti fọ odó. Bàbá mi gbé etí sún mọ́ rédíò, ó na ọwọ́ sókè kí a dákẹ́. Nígbà tó fi máa túmọ̀ rẹ̀ fún wa, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní ilẹ̀ mì ní ìlú kan tó jìnnà réré, ní ìkọjá òkun, kí àwọn ènìyàn tó jí. Ó ní ilé wó lù wọ́n lórí ibùsùn, àdúgbò lẹ́yìn àdúgbò, àti pé àwọn tó yè ń fi ọwọ́ wú àwọn tó wà lábẹ́ òkúta, wọ́n ṣì ń gbọ́ ohùn àwọn kan nísàlẹ̀. Ìyé béèrè orúkọ ìlú náà. Bàbá mi pè é, ó tún un pè lọ́nà mìíràn, ó ní òun kò mọ èyí tó tọ́ nínú méjèèjì. Ìyé ní kí ó tún méjèèjì pè, ó sì ń pè é tẹ̀ lé e bí ọmọ iléèwé. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, a sì gbọ́ ohun kan tó dún gbì, lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tí a débẹ̀, ó ti dojú odó délẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ìdí odó náà, ó ń mí gúlegúle. Títí di òní n kò mọ ibi tó ti rí agbára.

Ní abúlé tí wọ́n bí Ìyé sí, bí ènìyàn bá kú, gbogbo odó àdúgbò ni wọ́n máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀ títí wọ́n á fi sin òkú náà. Iṣu sísè àti ẹ̀kọ ni wọ́n á máa jẹ. Wọ́n ní òkú tí kò tí ì wọlẹ̀ ṣì ń sinmi lórí ilẹ̀, a kì í sì í lu ilẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Ìyá mi mọ àṣà náà, bàbá mi mọ̀ ọ́n, kò tilẹ̀ sí ará Okun kan tí kò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ṣùgbọ́n bàbá mi rọra sọ fún ìyá rẹ̀ pé aládùúgbò ni wọ́n ń ṣe é fún. Ibi tí àwọn ènìyàn yìí wà, bí a bá gún iyán di ọ̀la, wọn kò lè gbọ́ ọ.

Ìyé wò ó. "Ilẹ̀ tó mì lábẹ́ wọn," ó ní, "ṣé ilẹ̀ mìíràn ni? Ilẹ̀ kan ni Ọlọ́run tẹ́ fún gbogbo wa. Èmi ò ní lù ú lónìí."

Bàbá mi tó ń kàwé fún odindi ìjọ lọ gbé ìkòkò iṣu kúrò lórí iná. A fi epo jẹ iṣu náà, èmi sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ, Ìyé kúnlẹ̀. Ó pe orúkọ ìlú náà lọ́nà méjèèjì, ó ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ mọ èyí tó tọ́. Nígbà tí kò sì ti mọ orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó ń pè wọ́n bí ó ṣe rò pé wọ́n á wà. Ó pe aboyún tó wà níbẹ̀. Ó pe ìyá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá láti oko. Ó pe ọmọbìnrin tí wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ láìpẹ́, mo sì rí i tí Sísí Tọ́yìn gbé ojú sókè. Ó pe ọmọdé tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó bẹ Ọlọ́run pé kí ó rọra ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó wà lábẹ́ òkúta, kí òùngbẹ má gbẹ wọ́n, kí ọwọ́ àwọn tó ń wú wọn má ṣe rọ. Èmi ni mò ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nílé wa. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀, mo fa ẹní bo orí mi, mo ń mí sínú rẹ̀ títí ooru fi mú mi, ẹ̀rù sì bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sún lọ bá Sísí Tọ́yìn láàárín yàrá. Òun náà kò tí ì sùn.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ìdákẹ́jẹ́ wa ni Màmá Sàlámátù, obìnrin Nupe tó ń yan ẹja ní òdìkejì ọ̀nà. Nígbà tí kò gbọ́ odó wa ní ìrọ̀lẹ́ kejì, ó wọlé pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀ tó fi wé ara, ó ń béèrè pé, "Lafiya? Lafiya?", ṣé àlàáfíà ni, ojú rẹ̀ sì ń wá Ìyé káàkiri, nítorí òun ló dàgbà jù nílé. Ó rí i tó ń ṣa ẹ̀wà. Èdè tí àwọn méjèèjì jọ ń sọ kò ju Hausa ọjà lọ, síbẹ̀ Ìyé fi ọwọ́ ṣàlàyé fún un bí ilẹ̀ ṣe mì, bí ilé ṣe wó. Màmá Sàlámátù jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní, "Allah ya jiƙansu," kí Ọlọ́run ṣàánú wọn, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó wá síbi ọ̀fọ̀ gidi. Nígbà tó ń lọ, ó fi ẹja yíyan sílẹ̀ fún wa. Àwọn ará ìjọ náà gbọ́, wọ́n kó aṣọ jọ láti fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ àwọn míṣọ́nnárì, n kò sì mọ̀ bóyá ó dé ibi tó ń lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀fun mi ti ń yán hànhàn fún iyán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí bàbá mi ní kí àwa ọmọdé náà gbàdúrà, mo bẹ Ọlọ́run pé kí ó jẹ́ kí wọ́n tètè sin àwọn òkú ìlú yẹn kíá kíá. Sísí Tọ́yìn fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó mọ ibi tí mò ń lọ. Ṣùgbọ́n Ìyé ṣe àmín sí i, ohùn rẹ̀ ròkè. Ó ní èmi, Dúpẹ́, gbàdúrà gidi, nítorí ìsìnkú ni ohun tó kù tí ènìyàn lè ṣe fún wọn.

Ibi tí ọ̀ràn ti wá di ìdààmú nìyí. Ìyé ní odó á dìde lọ́jọ́ tí wọ́n bá sin wọ́n tán. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, á jókòó ti rédíò, á bi bàbá mi pé ṣé wọ́n ti sin wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bàbá mi ń rí èsì fún un, pé wọ́n ṣì ń wú wọn, pé wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ gbọọrọ. Nígbà tó yá, rédíò kò sọ nípa wọn mọ́. Ó ń sọ nípa àwọn olóṣèlú, ó ń sọ nípa bọ́ọ̀lù. Bàbá mi á pa á, á ní, "Ìyé, wọn ò sọ nǹkan kan lónìí." Ìyé á ní, "Wọn ò sọ nǹkan kan?" bí ẹni pé kò gbọ́, á wá dìde. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ti ilẹ̀ tó mì lọ, mo mọ̀ ọ́n nísinsìnyí. Nígbà náà, mo rò pé inú rédíò ló ń bí i. Odó sì wà níbẹ̀ ní ìdojúdélẹ̀, adìẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí rẹ̀, ọjọ́ tí àna máa dé sì kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìyá mi ti gbìyànjú. Ó jẹ́ obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè sí ìyá ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìtọrọ, ó lọ bá bàbá mi níbi tó ti ń fá irùngbọ̀n, ó ní kí ó sọ fún Ìyé pé wọ́n ti sin àwọn ènìyàn náà. Ó ní ó ṣáà dájú pé wọ́n á ti sin wọ́n, ta ni yóò fi òkú sílẹ̀ nínú oòrùn títí di àkókò yìí? Bàbá mi ní rédíò kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ní rédíò kọ́ ló ń bọ̀ wá tọrọ Tọ́yìn. Bàbá mi nu ojú rẹ̀, ó ní òun kò lè fi ẹnu tí òun fi ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run purọ́ fún ìyá òun lórí òkú. Nígbà náà ni ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú Ìyé fúnra rẹ̀, a sì wà níbẹ̀.

"Ìyé," ó ní, "ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ ọmọ yín nítorí àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí?"

Ìyé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fà á dìde. "Odó ò ní kọ́kọ́rọ́," ó ní. "Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó bá rò pé ó tó àkókò, kó gbé e dìde. Èmi ṣáà mọ̀ pé èmi ò mọ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìtọrọ, kí a tó lu agogo àdúrà, ìyá mi lọ sẹ́yìnkùlé. Mo tẹ̀ lé e, torí mo fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa rí iyán. Ó fọ ìgbẹ́ adìẹ kúrò lórí odó, ó ká ìró rẹ̀, ó di ìdí odó mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń dúró dè. Ibẹ̀ ni Sísí Tọ́yìn ti yọ láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọ̀bẹ iṣu lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti wú. Mo rò pé ó wá bá a gbé e ni.

"Màmá, ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Bí wọ́n bá fẹ́ mi, wọ́n á jẹ iṣu."

Ìyá mi bú sẹ́kún. Sísí Tọ́yìn kò sunkún, ó jókòó sórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu sínú omi. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó nígboyà láyé mi, àwọn kan nínú wọn gba oyè nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, ọmọbìnrin tó ń bẹ iṣu yẹn ni mo máa ń rántí.

Wọ́n dé nígbà tí oòrùn ti gbóná, eruku ọ̀nà oko títí dé orúnkún wọn: Bàbá Tìmótì, ọkùnrin gíga tó gbẹ bí igi, ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ẹbí mélòó kan tó ru iṣu, epo, iyọ̀ àti oyin. Tìmótì wà lẹ́yìn pátápátá, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin wọn ń kọrin àwàdà pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà wa. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. A fún wọn lómi, wọ́n mu. Bàbá Tìmótì ní òun fẹ́ ṣan ẹsẹ̀ kí òun tó jókòó, bàbá mi sì júwe ẹ̀yìnkùlé fún un. Kò sẹ́ni tó rántí odó. Tàbí kí n sọ pé gbogbo wa la rántí, kò sí ẹni tó lè pe àlejò padà.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, ó ti ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú sáyà. Ó ṣẹ́wọ́ sí àwọn obìnrin wọn kí wọ́n dá orin dúró. Ó ní kí gbogbo wọn dìde. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí bàbá mi, ó tẹríba.

"Okun o, àna mi," ó ní. "Ẹ ní òkú nílé, ẹ sì pa á mọ́ fún wa kí ọjọ́ wa má bàa bàjẹ́. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. A óò padà sílé, a óò wá lọ́jọ́ mìíràn. Ta ni ẹ pàdánù?"

Ìyá mi gbé ọwọ́ lérí. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ó ń ti inú ilẹ̀ tó mì bọ́ sínú rédíò, ó ń ti inú rédíò bọ́ sínú àṣà Ìjùmú, bí ó ṣe ń ṣàlàyé ni ó ń rú u lójú sí i. Bàbá Tìmótì tẹ́tí títí, ó wá béèrè ẹbí wa tó wà ní ìlú náà. Ìyé ló dá a lóhùn láti orí àga rẹ̀, pé kò sí. Bàbá Tìmótì ní ṣé kò sí ẹnì kan? Ìyé ní kò sí ẹnì kan. Ó béèrè ìgbà tí a máa gbé odó dìde, Ìyé ní nígbà tí wọ́n bá sin wọ́n. Ó béèrè ẹni tó máa sọ fún wa. Ìyé fi etí ìró nu ojú. Ó ní, "Wọn ò sọ̀rọ̀ wọn mọ́."

Mò ń wo Sísí Tọ́yìn tó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú ìbòrí lórí, ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Bàbá Tìmótì jókòó, kì í ṣe sórí àga tí a tẹ́ fún un, ilẹ̀ ló jókòó sí níwájú Ìyé. Ó sọ ohun kan tí Tìmótì fúnra rẹ̀, bí mo ṣe gbọ́ lẹ́yìn náà, kò gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí.

"Tìmótì ní ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Odò yìí ló gbé e lọ. A wá a títí, a ò rí i. Odò ń ṣàn gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú lọ sísàlẹ̀, ìyá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé, ní gbogbo ibi tí òkú ọmọ mi gbà kọjá, ṣé ẹnì kankan dojú odó délẹ̀?"

Ìyàwó rẹ̀ ti ń sunkún. Ìyé na ọwọ́, ó gbé e lé orí ọkùnrin náà bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní, "Okun o. Okun."

Bàbá Tìmótì wá sọ fún wa pé ẹni tí a kò bá mọ ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, ilé la ti ń sin ín. Aṣọ ọmọ òun ni àwọn sin. Ó béèrè ọkọ́, ó gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, gbogbo wa sì dúró yí i ká, àwọn tó wá tọrọ ọmọ àti àwọn tó ni ọmọ. Màmá Sàlámátù rí wa láti òdìkejì ọ̀nà, òun náà wá. Kò sí ohun tí a ní láti gbé sínú ilẹ̀ náà. Ìyé tú gèlè orí rẹ̀, gèlè tó dára tó wé nítorí àna, ó tẹ́ ẹ sínú rẹ̀, ó ní kò yẹ kí wọ́n lọ láìní ìbora. Bàbá mi ka Bíbélì. A kọ orin kan. Bàbá Tìmótì gbàdúrà, ó fi àwọn tí ilẹ̀ gbé mì àti àwọn tí omi gbé lọ lé Ọlọ́run lọ́wọ́ pa pọ̀. Ìyé tún pe ìlú náà lọ́nà méjèèjì, ó sì tún pe gbogbo wọn, láti orí aboyún títí kan ọmọdé tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹnì kọ̀ọ̀kan da iyanrìn díẹ̀ síbẹ̀. Mo da tèmi, mo sì sunkún, ọ̀rọ̀ iyán ti kúrò lọ́kàn mi. Ohun tó bá ojú ti bá imú lọ́jọ́ yẹn.

Ìyé àti Bàbá Tìmótì ló gbé odó dìde. Ìyá mi fọ̀ ọ́. Iṣu tí Sísí Tọ́yìn ti bẹ kò tó fún gbogbo ènìyàn, nítorí náà a sè nínú èyí tí àwọn àna rù wá, àwọn obìnrin wọn sì gba ọmọ odó lọ́wọ́ wa, wọ́n ní kò sí àlejò níbi ìsìnkú. Gbì, gbì, gbì. Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, abọ́ sì gbọ̀n lórí pẹpẹ. Ọ̀sán ti pọ́n kọjá kí a tó jẹun. Bàbá Tìmótì jẹ iyán tirẹ̀ tán, ó ṣan ọwọ́, kò sì tíì sọ pé òun gbà tàbí òun kọ̀. Ìgbà tó dìde pé kí àwọn máa lọ ló tó sọ fún bàbá mi pé ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́ béèrè: lọ́jọ́ tí Tọ́yìn bá ń bọ̀ nílé òun, kí ó gbé odó yẹn dání. Ìyé ló dáhùn. Ó ní kí wọ́n wá lọ́rì tó lágbára.

Ìyé ti lọ tipẹ́, Bàbá Tìmótì náà ti lọ. Gànàjà, ní Lọ́kọ́jà níbí, ni mò ń gbé báyìí lọ́dọ̀ ọmọ mi, ariwo kẹ̀kẹ́ kò jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ara rẹ̀, ìyẹ̀fun inú páálí sì ni wọ́n ń rò nínú omi gbígbóná tí wọ́n ń pè é ní iyán fún mi. Mo ń jẹ ẹ́, kí ni mo fẹ́ ṣe? Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi gbé fóònù rẹ̀ wá, ó fi àwòrán ìlú kan hàn mí tí ilẹ̀ mì, ilé ti wó, àwọn ọkùnrin ń fi ọwọ́ wú òkúta. Orúkọ ìlú náà le lẹ́nu mi. Kí ó tó parí àlàyé, ọwọ́ rẹ̀ ti gbé àwòrán náà kọjá, ẹnì kan ti ń jó ijó níbẹ̀. Mo ní kí ó bá mi pe ẹ̀gbọ́n mi lóko. Sísí Tọ́yìn ti di opó, ẹsẹ̀ ń dùn ún, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń gún iyán fún un nínú odó Ìyé nísinsìnyí. Ìrọ̀lẹ́ ni, àkókò odó gan-an. Ó gbé fóònù, a kí ara wa, mo ń gbọ́ ewúrẹ́, mo ń gbọ́ ọmọdé tó ń sunkún, mo ń dúró kí n gbọ́ ohun kan sí i, n kò gbọ́ ọ. Mo béèrè pé ṣé ó ti gbọ́ nípa ìlú kan tí ilẹ̀ mì. Ó ní òun gbọ́ ọ nínú rédíò láàárọ̀. Kí n tó béèrè ìyókù, ó ní, "Dúpẹ́, iṣu la sè."